Ìmàgbọn Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Dé, Kí Ẹ Tó Ronú Umuahia

Ìbéèrè yìí wá láti ọwọ́ akọ̀wé régbérégbé kan, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ó ní ẹgbẹ́ àwọn fẹ́ ṣàjọ̀dún, ṣùgbọ́n dípò kí àwọn tún dá aṣọ kí àwọn sì gba onífújì, àwọn fẹ́ fi owó náà rìnrìn-àjò lọ wo ojú ogun àtijọ́ àti mùsíọ̀mù ogun. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ń sọ Umuahia, níbi tí mùsíọ̀mù ogun wà, àwọn mìíràn ń sọ ibùdó ogun Kírìjí. Òun dábàá Ìmàgbọn, níbi tí Ìjẹ̀bú ti bá Gẹ̀ẹ́sì jà ní 1892, alága wọn sì fèsì pé, "Kí ni a fẹ́ lọ wò níbẹ̀ ju odò àti igbó lọ?" Ó wá ń béèrè ibi tí ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ dé, àti ohun tí ó yẹ kí ojú wọn máa wá nígbà tí wọ́n bá débẹ̀.

Akọ̀wé wa, ẹ kú iṣẹ́ ẹgbẹ́. Àbá yín ni mo fara mọ́, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá alága lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé odò àti igbó yẹn ni àwọn tó jagun náà ń wò nígbà tí wọ́n ń pinnu ibi tí wọn yóò dúró sí. Ohun tí ó ṣẹ́kù lọ́wọ́ jagunjagun ni mùsíọ̀mù máa ń fi hàn wá: ìbọn, ẹ̀wù, àwòrán, irin ọkọ̀ tó ti dípẹtà. Ìdí tí jagunjagun fi dúró síbi tó dúró sí, ilẹ̀ ibẹ̀ ló lè sọ ọ́. Ẹni tó bá rí ìbọn láìtíì rí omi tí wọ́n fi ìbọn náà ṣọ́, irin ni yóò máa yìn, kò ní lóye ìjà. Nítorí náà, ojú ogun ni kí ẹ kọ́kọ́ dé, kí mùsíọ̀mù tẹ̀lé e. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ pàápàá, iṣẹ́ náà rọrùn, nítorí pé ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà ló fa púpọ̀ nínú ogun tí àwọn baba wa jà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Bí ẹ bá ti tẹ̀lé ọ̀nà, ẹ ó bá ogun pàdé.

Ẹ jẹ́ kí n la ọ̀rọ̀ ọ̀nà yìí yé yín díẹ̀, nítorí òun ni kí ẹ sọ fún àwọn ẹgbẹ́ kí wọ́n tó wọkọ̀. Ìjẹ̀bú wà láàárín ọ̀sà àti àwọn ìlú òkè. Iyọ̀, aṣọ, ìbọn àti ẹ̀tù tí ọkọ̀ ojú omi kó láti Èkó máa ń gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́, Ejìnrìn àti Ìkòròdú, epo àti èkùrọ́ sì ń ti òkè bọ̀. Awùjalẹ̀ àti àwọn ìjòyè rẹ̀ kì í jẹ́ kí ará Èkó gòkè kọjá, wọn kì í sì í jẹ́ kí ará Ìbàdàn sọ̀ kalẹ̀ dé etí ọ̀sà. Ọjà ààlà bí Òru ni wọ́n ti ń pàdé àwọn ará òkè, Ìjẹ̀bú ń jèrè láàárín, oníbodè náà ń gba tirẹ̀. Àwọn àgbà kò kúkú fi í pamọ́; ó wà nínú oríkì wa pé Ìjẹ̀bú-Òde, àjòjì kò wọ̀ ọ́, bí àjòjì bá wọ̀ ọ́ láàárọ̀, wọn a fi ṣẹbọ lálẹ́. Ẹ̀rù ló ń ba àlejò tó bá gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n létí oníṣòwò Ìjẹ̀bú, òfin ọjà ni.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Èkó fẹ́ kí ọ̀nà náà ṣí. Ní oṣù Èbìbí 1891, Denton, ẹni tó ń dele fún Gómìnà nígbà náà, lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde láti bá Awùjalẹ̀ Túnwàṣe ṣe àdéhùn. Wọn kò gbà fún un, wọn kò sì gba ẹ̀bùn tó kó wá, Èkó sì ka èyí sí ìwọ̀sí. Ní oṣù Ṣẹẹrẹ 1892, àwọn aṣojú Ìjẹ̀bú lọ bá Gómìnà Gilbert Carter ní Èkó, wọ́n sì bá a ṣe àdéhùn pé ọ̀nà yóò ṣí, pé a kò ní gba owó oníbodè mọ́, àti pé Èkó yóò máa san £500 lọ́dọọdún dípò owó náà. Kò pẹ́ sí i tí wọ́n dá ajíhìnrere kan padà lójú ọ̀nà, Carter sì ní Ìjẹ̀bú ti yẹ àdéhùn. Ohun tí ogun ń wá ti tó o.

Ní àárín oṣù Èbìbí 1892, Ọ̀gágun Scott kó àwọn ọmọ ogun gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́. Àwọn sójà Haúsá ti Èkó wà nínú wọn, àwọn ọmọ ogun wá láti Gold Coast tí a ń pè ní Gánà lónìí, àwọn ọmọ ogun West India, ìyẹn ẹgbẹ́ ogun Gẹ̀ẹ́sì láti erékùṣù Karibíánì, náà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Ìbàdàn kan tó bá wọn lọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ ọ̀nà yìí ti ń dun Ìbàdàn tipẹ́. Àwọn sójà tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ ogun kò tó ẹgbẹ̀rún kan, Ìjẹ̀bú sì kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn jáde. Láti Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti ń jà bọ̀ láti abúlé dé abúlé, títí di ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù náà tí ìjà ńlá ṣẹlẹ̀ létí odò Yemọjí, ní Ìmàgbọn. Lọ́jọ́ kejì, 20 Èbìbí, wọ́n wọ Ìjẹ̀bú-Òde.

Ó yẹ kí ẹ mọ bí ẹ ó ṣe wo ibẹ̀. Ẹ má ṣe ti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Yemọjí tààrà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà yẹn ló kúrú fún yín. Ẹ kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ dé Ẹ̀pẹ́, ẹ lọ sí etí ọ̀sà níbi tí àwọn ọmọ ogun ti bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, kí ẹ wá yí padà kí ẹ máa bọ̀ wá sílé bí wọ́n ṣe ń bọ̀. Kí ẹnì kan nínú yín máa ka ìtàn náà sókè nínú bọ́ọ̀sì bí ẹ ti ń gòkè. Nígbà tí ẹ bá dé Yemọjí, ẹ má ṣe wò ó láti ojú wíńdò. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ sún mọ́ etí omi ní ìhà Ẹ̀pẹ́, kí ẹ sì wo ìhà kejì. Odò náà kò fẹ̀. Ohùn ẹni tó bá dúró ní òdìkejì yóò dé etí yín láì jẹ́ pé ó pariwo. Ìhà tí ẹ kọjú sí yẹn ni àwọn baba wa wà, nínú igbó, tí wọ́n ń dúró de ẹni tí ó kọ́kọ́ máa ki ẹsẹ̀ bọ omi. Lẹ́yìn náà, ẹ kọjá sí ọ̀hún, kí ẹ bojú wẹ̀yìn wo ibi tí ẹ ti ń bọ̀. Nígbà náà ni yóò hàn sí yín pé àwọn olórí ogun Ìjẹ̀bú kò ṣìwà hù rárá: kò sí ibi tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ènìyàn lè dúró sí láti dí ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde mọ́ ọ̀tá.

Ohun tó dà wọ́n rú wà nínú ìbọn. Bí ẹ bá rí ọdẹ tó ní ṣakabùlà, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó bá yín lọ, kó sì fi hàn yín létí omi níbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kì í: yóò da ẹ̀tù sí ẹnu ìbọn, yóò fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀, yóò sọ ọta sí i, yóò tún kì í, yóò fi ẹ̀tù díẹ̀ sí ojú ìdáná, lẹ́yìn náà ni yóò tó gbé e sí èjìká. Kí ẹnì kan máa wo aago. Àwọn ará Ìjẹ̀bú kan ti ní ìbọn Snider tí a ń ti ìdí kì, tó sì yá ju èyí lọ, ṣùgbọ́n ọta kan ṣoṣo ni òun náà ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tó ti Ẹ̀pẹ́ bọ̀ gbé ìbọn Maxim dání, èyí tó lè yin ọta tó lé ní 500 ní ìṣẹ́jú kan, wọ́n tún ní àgbá kéékèèké àti rọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo ti rí i tí àwọn ọmọ iléèwé gíga dákẹ́ lójijì nígbà tí ọdẹ ṣì ń wá ọ̀pá ìkìbọn rẹ̀, tí ìṣẹ́jú kan sì ti fẹ́ pé. Mùsíọ̀mù kankan kò lè fi èyí hàn yín, nítorí pé inú gíláàsì ni ìbọn máa ń wà níbẹ̀.

Ẹ má ṣe já lu abúlé. Ẹ ránṣẹ́ sí baálẹ̀ ṣáájú, ẹ mú obì àti ọtí dání, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tí wọ́n bá yàn fún yín ṣíwájú yín. Odò tí àwọn baba ńlá wa ń bọ ni Yemọjí. Kí ẹ tó gbé fóònù sókè ya ohunkóhun tí aṣọ funfun tàbí màrìwò wà lára rẹ̀, ẹ béèrè. Bí ẹ bá lè mú ọjọ́ tó bọ́ sí oṣù Èbìbí, ó sàn jù lójú tèmi, nítorí pé òjò á ti bẹ̀rẹ̀, omi àti igbó á sì wà bí wọ́n ṣe wà lójú àwọn tó jà níbẹ̀. Ẹrẹ̀ yóò ba bàtà jẹ́, kò burú.

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ wo ilé Balógun Kúkù tí a ń pè ní Ọlọ́runṣògo. Ìtàn ìlú sọ pé Kúkù, tó ti jagun tó sì ti fi òwò ìbọn lówó, kò bá wọn lọ sí Ìmàgbọn. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ jiyàn lórí èyí bó bá ṣe wù wọ́n, nítorí pé ìjiyàn náà wúlò: ẹni tó mọ ohun tí ìbọn tuntun lè ṣe, tó sì fà sẹ́yìn, ṣé ọlọgbọ́n ni tàbí ọ̀dàlẹ̀? Ẹ kò sì nílò kí n sọ fún yín nípa Ojúde Ọba, ẹ̀yin tí ẹ ń jáde níbẹ̀ ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí, nígbà tí ìdílé àwọn Balógun bá ń fi ẹṣin sáré tí wọ́n sì ń yìnbọn níwájú ààfin, kí ẹ rántí pé oyè ogun ni wọ́n ń jẹ́, àti pé ohun tí ẹ fẹ́ sanwó ọkọ̀ lọ wò níbòmíràn ń kọjá níwájú yín.

Ẹnì kan yóò dábàá Erédò Ṣùńgbọ́. Mo fẹ́ràn ibẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kà á mọ́ ojú ogun. Yàrà àti odi amọ̀ tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká ni, ó gùn tó 160 kìlómítà, ó sì ga tó 20 mítà ní àwọn ibì kan. Láti 1995 ló ti wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO tẹ́wọ́ gbà. Àwọn awalẹ̀pìtàn kò tíì fẹnu kò lórí ìgbà tí wọ́n wà á tàbí ohun tí wọ́n wà á fún. Ó tọ́ sí ìrìn-àjò tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí ẹ bá sì yà sí ibojì Bílíkísù Ṣùńgbọ́, obìnrin tí Erédò náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ní Òkè-Èrì, kí àwọn obìnrin inú ẹgbẹ́ kọ́kọ́ béèrè ibi tí àṣà ibẹ̀ gbà wọ́n láàyè dé.

Rẹ́mọ ni kí ẹ fi ọjọ́ kejì sí, ó sì yẹ kí ẹ ṣọ́ra níbẹ̀, pàápàá bí ọmọ Rẹ́mọ bá wà nínú ẹgbẹ́ yín. Nígbà tí Ìjàyè ṣubú sọ́wọ́ Ìbàdàn ní 1862, Ìbàdàn ń wá ọ̀nà dé Èkó, ọ̀nà Rẹ́mọ ló sì kúrú jù fún wọn. Púpọ̀ nínú àwọn ìlú Rẹ́mọ fẹ́ kí ọ̀nà náà ṣí; Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú-Òde kò fẹ́. Ìpẹru di ibùdó ogun. Ìkòròdú náà, tó jẹ́ ẹnu ọ̀nà Rẹ́mọ sí ọ̀sà, Ẹ̀gbá dó tì í títí Glover, ẹni tó ń ṣàkóso Èkó fún Gẹ̀ẹ́sì, fi rán àwọn ọmọ ogun láti Èkó pẹ̀lú rọ́kẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n tú ibùdó náà ká ní 29 Ẹrẹ́nà 1865. Ṣàgámù fúnra rẹ̀, ogun ló bí i: ní 1872 ni Òfin, Màkun, Ìjòkun, Batoro àti àwọn ìlú yòókù kó ara wọn jọ sójú kan kí wọ́n má bàa máa jìyà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ń rìn láti àdúgbò kan sí èkejì ní Ṣàgámù, tó rí i pé ọba ń bẹ níbí, ọba ń bẹ lọ́hùn-ún, ó ti rí àpá ogun náà. Níbí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde nìkan sọ ìtàn. Ẹ wá àgbà kan láti Màkun tàbí Ìpẹru kó jókòó tì yín, kó sọ tirẹ̀.

Fún ẹni tó bá fẹ́ràn ìwé nínú yín, ilé àkójọ ìwé ìjọba wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí àwọn fáìlì àgbègbè Ìjẹ̀bú ti ìgbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wà. Ẹ sì ní àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó dájú. Kí wọ́n lọ sí National Archives ní Kew, kí wọ́n béèrè fún àwọn lẹ́tà Èkó tí a tò sábẹ́ CO 147. Ibẹ̀ ni wọn yóò ti ka ohun tí Carter ń kọ ránṣẹ́ sílé nípa wa. Kí wọ́n má gbàgbé pé ẹjọ́ ẹnìkan ni wọ́n ń kà.

Umuahia wá kàn. Ó jìnnà, kò sì ṣeé lọ kí a sì bọ̀ lọ́jọ́ kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ẹ ó gbà débẹ̀ jẹ́ ojú ogun fúnra rẹ̀. Òrè ni ẹ ó kọ́kọ́ kọjá. A máa ń sọ pé "ó le kú, ìjà Òrè" tí a bá rí ohun tó le, láìrántí ẹni tó jà níbẹ̀. Ní 9 Ògún 1967, àwọn ọmọ ogun Bìáfírà kọjá odò Ọya, wọ́n gba Benin lọ́jọ́ náà, wọ́n sì ń bọ̀ ní ọ̀nà Èkó títí dé Òrè kí wọ́n tó lé wọn padà. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni ọ̀gágun tó ṣíwájú wọn, Victor Banjo, ẹni tí wọ́n yìnbọn pa ní Enugu nínú oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ọdún náà. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni nínú bọ́ọ̀sì má ṣe sọ pé ogun àwọn ará ibòmíràn ni a ń lọ wò. Láti Òrè, ẹ ó dé Benin, ẹ ó dé Asaba, níbi tí àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ti pa ọ̀pọ̀ ará ìlú tí kò gbé ohun ìjà ní oṣù Ọ̀wàrà 1967, ẹ ó sì gorí afárá Onitsha tí àwọn ọmọ ogun Bìáfírà bàjẹ́ nígbà tí wọ́n ń sá sẹ́yìn.

Mùsíọ̀mù Ogun ti Umuahia ṣí ní 15 Ṣẹẹrẹ 1985, Ọ̀gágun Tunde Idiagbon ló ṣí i, wọ́n sì kọ́ ọ sí ibi tí ilé abẹ́ ilẹ̀ tí rédíò Bìáfírà ń lò wà. Umuahia jẹ́ olú-ìlú Bìáfírà lẹ́yìn tí Enugu ṣubú, títí di oṣù Igbe 1969. Ẹ rí ọkọ̀ ojú omi ogun NNS Bonny níta, ẹ rí bàálù, ẹ rí ohun ìjà àbáláyé. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ pẹ́ jù lọ́dọ̀ rẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ onírin tí àwọn Bìáfírà fúnra wọn rọ, àti àdó olóró tí wọ́n ń pè ní Ogbunigwe. Ẹ sún mọ́ ọkọ̀ náà kí ẹ wo ibi tí wọ́n ti fi iná jó irin pọ̀. Ọwọ́ wẹ́dà ló ṣe é, ó sì hàn gbangba. Ẹ̀yin tí ẹ ti dúró ní Yemọjí yóò ti ní ohun tí ẹ lè fi wé e: ìlú tí ọ̀nà ti dí mọ́, tó ń fi ohun tó wà nílé jà. Bọ́ńkà Ojukwu, olórí Bìáfírà, wà nínú ìlú, kì í ṣe inú ọgbà kan náà. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún òun náà.

Kí ẹ tó lọ, ẹ yà sí Ìkẹ́nnẹ́, nílé Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ní oṣù Èbìbí 1967, ó kó àwọn aṣojú lọ bá Ojukwu ní Enugu kí ogun má bàa ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ogun dé, òun ni kọmíṣánnà ètò ìnáwó. Orúkọ yìí yóò jáde ní Umuahia. Ẹni tó ń mú yín kiri lè jẹ́ ọmọ ẹni tó ní owó ní báńkì, tí wọ́n sì san £20 péré fún lẹ́yìn ogun, ó sì lè ti sin àbúrò tí ebi pa. Bó bá sọ̀rọ̀ kíkorò nípa Awólọ́wọ̀, ẹ fetí sílẹ̀. Ẹ kò lọ síbẹ̀ láti gbèjà ẹnikẹ́ni.

Ti Kírìjí, mo fẹ́ kí ẹ fi sí ọdún mìíràn. Àárín Ìmẹ̀sí-Ilé àti Ìgbájọ ni ibùdó wà, wọ́n sì tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní 23 Ọwẹ́wẹ̀ 1886, ìwé tí orúkọ Awùjalẹ̀ náà wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n òkè àti àfonífojì ibẹ̀ gba ẹsẹ̀ líle àti ọjọ́ kan gbáko, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ fi kún Umuahia.

Ẹ kọ lẹ́tà sí olùtọ́jú mùsíọ̀mù Umuahia ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, kí ẹ sọ iye yín, kí ẹ béèrè owó ìwọlé àti owó kámẹ́rà, kí ẹ sì béèrè fún ẹni tí yóò mú yín yí ká. Kí ọkọ̀ gbéra ní ìdájí kí ẹ má bàa rìn lálẹ́. Ẹ má ṣe fi ọjọ́ Ajé ṣe ọjọ́ ìwòran, nítorí àṣẹ jókòó-sílé tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìlà-Oòrùn ní 2021 ṣì lè mú kí ilẹ̀kùn wà ní títì. Ní ti Yemọjí, ọdẹ àti baálẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ rí, kí ẹ tó san owó bọ́ọ̀sì.